Ta Ni Ọ̀dọ́, Kí Sì Ni Iṣẹ́?

Ibi tí a bá pè ní orí, a kì í fi í tẹlẹ̀. Òwe yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí àlejò kan wá bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí nípa ìlànà ìjọba lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn, ó sì kún fún òǹkà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀ka wa dìde, tí ó bèèrè ohun tí àwọn tí ń kọ́ Yorùbá lè ṣe sí ọ̀rọ̀ náà, àlejò wa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní iṣẹ́ àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé ni èyí. Kí àwọn ará ẹ̀ka Yorùbá máa bá ewì àti ìlù wọn lọ. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí pé a kì í dójú ti àlejò. Nísinsìnyí tí àlejò ti lọ sí ilé rẹ̀, mo fẹ́ fèsì.

Mo ní ẹ̀tọ́ láti fèsì, nítorí pé ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ni mo kọ́kọ́ kọ́ ní yunifásítì kí ìfẹ́ èdè tó gbé mi dé ibi tí mo wà lónìí. Ní ọdún 2023, mo ṣe iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ olùwádìí lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ àti iṣẹ́ ní Rumuokwurushi, ní ìjọba ìbílẹ̀ Obio/Akpor, ní ìlú Port Harcourt. Fún àǹfààní ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà: ọ̀gá ni ó ń ronú ìbéèrè, olùrànlọ́wọ́ ni ó ń gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Òun ni ó ń rìn nínú oòrùn, tí ó ń kan ilẹ̀kùn, tí ajá ń gbó mọ́, tí ó ń kọ ìdáhùn sílẹ̀, tí ó sì ń jókòó ní alẹ́ láti tò ó sínú kọ̀ǹpútà. Bí ìwé bá jáde, a óò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìlà kan láìdárúkọ rẹ̀.

Rumuokwurushi wà ní ẹ̀bá ọ̀nà Aba, ní ilẹ̀ àwọn Ikwerre. Rumu tí a ń gbọ́ níwájú orúkọ púpọ̀ ní agbègbè náà, bíi Rumuola àti Rumuomasi, dà bí ìgbà tí àwa bá ń pe àwọn ènìyàn ní ọmọ lágbájá: ó ń tọ́ka sí àwọn tí wọ́n ti ara ẹnì kan ṣoṣo ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ bàbá kan náà ni ó ń gbé ibẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá dé ibẹ̀ ní Ọjọ́rú, tí í ṣe ọjọ́ ọjà Oil Mill, yóò gbọ́ Ikwerre, yóò gbọ́ Ígbò, yóò gbọ́ èdè àwọn ará Ogoni àti ti Ijaw, yóò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu àwọn ìyá tí ń ta àmàlà, yóò sì gbọ́ Píjìn tí ó so gbogbo wọn pọ̀. Ìwọ̀nyí ni àwọn tí a gbé fọ́ọ̀mù tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ lọ bá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi wọ́n ni pé: ọ̀dọ́ mélòó ni ó wà nínú ilé yìí? Ẹ wo bí ó ti rọrùn tó lójú ẹni tí ó kọ ọ́. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ẹni ọdún 15, ó sì parí sí 24. Ìwé àdéhùn ilẹ̀ Áfíríkà lórí ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́, tí a gbà wọlé ní Banjul ní ọdún 2006, ní láti 15 dé 35 ni. Ìlànà Nàìjíríà ti ọdún 2009 ní láti 18 dé 35. Nígbà tí ó di ọdún 2019, ìlànà tuntun dé, ó ní láti 15 dé 29. Ọkùnrin ẹni ọdún 32 sùn ní ọ̀dọ́, ó jí ní àgbà, kò sì sí ẹni tí ó pa ewúrẹ́ fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún kan péré ṣáájú ìgbà náà, ní 2018, ààrẹ Buhari ti fọwọ́ sí àtúnṣe òfin tí ó dín ọjọ́ orí ẹni tí ó lè du ipò ààrẹ kù láti 40 sí 35, tí gbogbo wa sì ń jó pé ọ̀nà ti là fún àwọn ọ̀dọ́. Ọ̀dọ́ ẹni ọdún 35 wo?

Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Nínú ilé kan lẹ́yìn ọjà, mo bá obìnrin Yorùbá kan, ẹni ọdún 22. Ọmọ kan wà lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn ń rákò lórí ẹní. Mo kí i, mo ní ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ ni mo bá wá. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ bá àwọn ọ̀dọ́ níta. Èmi ti di abiyamọ.” Mo sọdá títì, mo bá ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń hu ewú. Ó ní bí ó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ ni, òun ni kí n bá sọ ọ́, nítorí pé aṣáájú ọ̀dọ́ ni òun. Ọkùnrin náà kò purọ́. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò tí ó yí Port Harcourt ká, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń lò fún ọ̀dọ́ ti di orúkọ ẹgbẹ́, ó ti di oyè. Ẹgbẹ́ náà ní ààrẹ, ó ní akọ̀wé, ó sì ń gba owó tí wọ́n ń pè ní “deve” lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé. Bí olùwádìí bá dé, tí ó ní ọ̀dọ́ ni òun ń wá, ohun tí ará àdúgbò gbọ́ ni pé ó ń wá ẹgbẹ́, bóyá ó gbé owó wá, bóyá amí ni. Báyìí ni abiyamọ ẹni ọdún 22 ṣe yọ ara rẹ̀ kúrò, tí bàbá arúgbó lọ́la sì fi ara rẹ̀ sí i.

Ṣé èyí yẹ kí ó ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu? A ní ọmọdé, a ní ọ̀dọ́langba, a ní géńdé, a ní àpọ́n, a ní wúńdíá, a ní adélébọ̀, a ní abiyamọ. Kò sí èyí tí a fi ọdún kà nínú wọn. Ohun tí ènìyàn ti ṣe láyé, àti ohun tí ó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, ni a fi ń pè é. Ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gba fìríìdọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, tí ó sì ń sùn ní ṣọ́ọ̀bù, ọmọ ni, kì báà jẹ́ ẹni ọdún 34. Bí ìjọba bá fẹ́ ran ẹni tí kò tíì lè dá dúró lọ́wọ́, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí. Ìlànà tí ó parí sí 29 ti sọ ọ́ nù kí a tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ti ọ̀dọ́ kéré. Ìbéèrè kẹtàdínlógún lórí fọ́ọ̀mù wa ni ó fọ́ mi lórí: ǹjẹ́ o ṣe iṣẹ́ kankan fún owó tàbí fún èrè, ó kéré tán fún wákàtí kan, láàárín ọjọ́ méje tí ó kọjá? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti ọ̀gá wa nìkan. Òun ni wọ́n ń bèèrè káàkiri ayé, bí àpéjọ àwọn onímọ̀ ìṣirò iṣẹ́ ṣe là á sílẹ̀ ní Geneva ní ọdún 2013. Òun náà sì ni ó wà nídìí ariwo ọdún 2023 nílé wa. Ẹ jẹ́ kí n ránni létí. Ní oṣù mẹ́ta ìparí ọdún 2020, àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ ní ìdá 33.3 nínú 100 àwọn tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ ni kò ní iṣẹ́. Láàárín àwọn ẹni ọdún 15 sí 34, ó jẹ́ ìdá 42.5. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, nígbà tí a wà ní Rumuokwurushi gan-an, àjọ kan náà kéde òǹkà oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà: ìdá 4.1. Awakọ̀ kẹ̀kẹ́ tí ó gbé mi ní ọjọ́ náà gbọ́ ọ lórí rédíò. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní ṣé àwọn yòókù ti kú ni.

Wọn kò kú. Òṣùwọ̀n ni ó yí padà. Tẹ́lẹ̀, ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ tó 20 wákàtí ní ọ̀sẹ̀ ni a kà sí aláìníṣẹ́. Nísinsìnyí wákàtí kan ti tó láti mú un kúrò níbẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe òdodo, nítorí pé àríyànjiyàn tí kò sí òdodo nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìjà ọjà. Àjọ náà kò purọ́. Wákàtí kan ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń lò, ó sì dára kí a lè fi tiwa wé ti ẹlòmíràn. Nínú ìwé kan náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé iṣẹ́ ìdá 92.6 nínú 100 àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kò sí lábẹ́ ètò kankan tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ìdá 11.8 péré ni ń gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, àti pé iṣẹ́ tí ìdá 12.2 ní kò tó wọn í ṣe. Ẹni tí ó bá ka gbogbo ìwé náà yóò rí òtítọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ń ka gbogbo ìwé? Òǹkà kan ṣoṣo ni òṣèlú ń gbé sórí ahọ́n, èyí tí ó bá sì ṣe é láǹfààní ni. Ìjà mi kò sí pẹ̀lú wákàtí kan tàbí 20 wákàtí. Ìjà mi ni pé àwa tí a ń bèèrè ìbéèrè náà kò fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí à ń bèèrè.

Mẹ́fà ni wá. Èmi ń bi àwọn Yorùbá ní Yorùbá. Mo ní, “Ǹjẹ́ ẹ ṣe iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá?” Ìyá kan tí ń ta ata láti àárọ̀ kùtù dé alẹ́ dáhùn pé, “Iṣẹ́ kẹ̀? Òwò ni mò ń ṣe.” Ó tọ̀nà. Ní èdè wa, òtọ̀ ni iṣẹ́, òtọ̀ ni òwò. Ẹni tí ó ní ọmọ òun “ti rí iṣẹ́” kò ní in lọ́kàn pé ọmọ náà gbé atẹ. Bí mo bá kọ ohun tí ó sọ sílẹ̀, aláìníṣẹ́ ni ìyá aláta. Nítorí náà mo yí ìbéèrè padà: “Ǹjẹ́ ẹ ṣe ohunkóhun tí owó ti wọlé?” Ni ó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kejì mi ń fi Píjìn bèèrè. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń dá a lóhùn pé, “I dey hustle.” Ó ń kọ ọ́ pé wọ́n níṣẹ́. Ẹnì kẹta ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ń kọ ọ́ pé wọn kò níṣẹ́, nítorí pé ní èrò tirẹ̀, ẹni tí ó bá níṣẹ́ kì í sọ bẹ́ẹ̀. Fọ́ọ̀mù kan, ẹnu mẹ́fà, ìbéèrè mẹ́fà. Nígbà tí òǹkà wa dé iwájú ọ̀gá, ó ti di ọ̀kan ṣoṣo, ó mọ́ tónítóní, ó sì ní ojúàmì kan àti nọ́ńbà kan lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé ẹni tí ń gbin ẹ̀gẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ àdúgbò náà, níbi tí ilé kò tíì bo ilẹ̀ tán, mo bá ọmọkùnrin kan tí ń ro oko ìyá rẹ̀ lójoojúmọ́. Ilé ni wọ́n ti ń jẹ gbogbo ohun tí wọ́n bá wà níbẹ̀. Ní ìlànà tuntun, ẹni tí ó ń dáko fún ìkòkò ọbẹ̀ ilé rẹ̀ nìkan kò sí nínú àwọn tí wọ́n níṣẹ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí ó ta káàdì fóònù fún wákàtí kan ní ọjọ́ Sátidé wà níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn sọ fún mi pé òru ni òun ń ṣiṣẹ́, nínú igbó. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, n kò sì bèèrè. Gbogbo ará Port Harcourt ni ó mọ àwọn tí ń se epo rọ̀bì ní bòókẹ́lẹ́, tí wọ́n ń pè ní “kpofire”, tí èéfín wọn wà lára ohun tí ó ń da ẹ̀ẹ́rí dúdú sí ògiri àti imú àwọn ará ìlú láti ìparí ọdún 2016. Lórí fọ́ọ̀mù mi, ọmọ náà ti rí iṣẹ́ ṣe. Kò sí àyè tí mo lè kọ ọ́ sí pé irú iṣẹ́ wo ni.

Ohun mìíràn wà tí ó ń ba ìdáhùn jẹ́, tí ẹni tí ó jókòó sí Àbújá kò lè gbọ́. Láti ọdún 2009 tí ìjọba Yar’Adua ti dárí ji àwọn tí wọ́n gbé ìbọn ní Niger Delta, tí wọ́n sì ń san 65,000 náírà fún ẹni kọ̀ọ̀kan wọn lóṣù, kíkọ orúkọ ọ̀dọ́ sílẹ̀ ti di ohun tí owó ń tẹ̀ lé lójú àwọn ènìyàn. “Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ti kọ orúkọ mi,” ni ọmọkùnrin kan wí fún mi, “ìgbà wo ni ti ẹ̀yin yóò jáde?” Bí ó bá rò pé aláìníṣẹ́ ni a ó fún lówó, kí ni ẹ rò pé yóò dáhùn sí ìbéèrè kẹtàdínlógún? Mo kọ èyí sí etí ìwé lójoojúmọ́. Nígbà tí a kó iṣẹ́ wa jọ, wọ́n ní etí ìwé kì í wọ kọ̀ǹpútà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan yóò ní kí ni olùrànlọ́wọ́ ń ráhùn sí, ṣebí wọ́n sanwó fún un. Wọ́n sanwó lóòótọ́. Iye fọ́ọ̀mù tí a bá kún lójúmọ́ ni wọ́n fi ń sanwó fún wa, láti oṣù karùn-ún ọdún náà sì ni owó epo bẹntiróòlù ti ju ìlọ́po méjì ohun tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ, tí owó kẹ̀kẹ́ àti bọ́ọ̀sì gbà á lé e. Ẹni tí ó bá jókòó ti ìyá aláta fún ìṣẹ́jú 40 láti mọ ìyàtọ̀ iṣẹ́ àti òwò yóò fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Ẹni tí ó bá wá ìbòòji igi máńgòrò, tí ó fi ọkàn ara rẹ̀ kún fọ́ọ̀mù 12 kí oòrùn tó rọ̀, yóò jẹ ẹran. Mo rí ẹni tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. N kò dá a lẹ́jọ́ bí mo ti dá ẹni tí ó ṣètò owó náà lẹ́jọ́. Lórí irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ ni a ń kọ́ ìlànà tí yóò darí ayé àwọn ọmọ wa lé.

Àlejò wa ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò kan ẹlédè. Ní ọdún 1956, ìwé ńlá kan jáde lórí ètò ọrọ̀-ajé àwọn ìdílé tí ń gbin kòkó ní ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí a pè ní Nigerian Cocoa Farmers. Orúkọ mẹ́ta ni ó wà lára rẹ̀: Galletti, Baldwin, àti Dina. Ọmọ Yorùbá ni ẹni kẹta, I. O. Dina kan náà tí ìjọba ológun fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tí ó yẹ ọ̀rọ̀ pípín owó orílẹ̀-èdè wò ní ọdún 1968. Ìwé náà kò bàjẹ́ nítorí pé ẹni tí ó gbọ́ èdè àgbẹ̀ wà lára àwọn tí ó kọ ọ́. Ní Port Harcourt fúnra rẹ̀, Claude Ake, ọmọ Omoku, dá ilé ìwádìí kan tí ń jẹ́ Centre for Advanced Social Science sílẹ̀ ní ọdún 1991. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1995, lẹ́yìn tí ìjọba Abacha yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn, Ake kúrò nínú ìgbìmọ̀ ìwádìí lórí àyíká Niger Delta tí ilé-iṣẹ́ Shell ń náwó lé. Ọdún kan lẹ́yìn náà ni ó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfuurufú. Onímọ̀ ètò ìṣèlú àti ọrọ̀-ajé ni, ó sì mọ̀ pé ẹni tí ń bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ará ìlú ti jẹ ará ìlú ní gbèsè.

Ẹ sì wo ilé wa níhìn-ín. Ní ọdún 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, ní ilé ẹ̀kọ́ St. Stephen’s ‘A’ ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí a ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n tó lè wọn ohunkóhun, ó di ọ̀ranyàn kí wọ́n kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi kọ́ni. Ní ọdún 1984, àwọn àgbà ẹ̀kọ́ wa, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú fún, gbé ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde, kí a lè fi Yorùbá ṣàlàyé gírámà àti lítíréṣọ̀. Ta ni ó ní a kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́, òwò, ẹ̀kọ́ṣẹ́, àárò àti ọ̀wẹ̀? Wọn yóò ní bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń túmọ̀ ìbéèrè, a kò ní lè fi òǹkà kan wé èkejì mọ́. Èsì mi ni pé ìtumọ̀ ti ń lọ lọ́wọ́ ná, ní gbogbo ẹnu ọ̀nà, ní kánjúkánjú, láti ẹnu ẹni tí ebi ń pa, láìsí ẹni tí ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ìtumọ̀ kan tí a kọ sílẹ̀, tí a dán wò lọ́jà kí a tó gbé e jáde, sàn ju ẹgbẹ̀rún tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀ lọ. Kí wọ́n ṣe ti Ikwerre bẹ́ẹ̀, kí wọ́n ṣe ti Píjìn bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n máa sanwó ojúmọ́ fún olùrànlọ́wọ́, kí etí ìwé rẹ̀ wọ kọ̀ǹpútà, kí orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ bi í léèrè lè rí i.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá, nígbà mìíràn tí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé iṣẹ́ wo ni ẹ óò fi ìwé ẹ̀rí yín ṣe, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ni ó ń pè ní iṣẹ́. Fọ́ọ̀mù kan tí a kò kọ nǹkan kan sí ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi láti Rumuokwurushi. Mo ti fi í sílẹ̀ ní yàrá ìkàwé ẹ̀ka wa, nínú àpótí tí a ń kó ìwé ìròyìn àtijọ́ sí. Ìbéèrè kẹtàdínlógún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ túmọ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ọjà tí ó bá sún mọ́ yín, kí ẹ bi aláta, kí ẹ bi ọmọ iṣẹ́ télọ̀, kí ẹ bi ẹni tí ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà, kí ẹ sì kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá wí sílẹ̀, títí kan etí ìwé. Bí ó bá di ìpàdé ẹ̀ka tí ń bọ̀, a óò kà á sókè. Mo ti kọ̀wé sí àlejò wa pé kí ó wá gbọ́.